Bọ́ńpà Ọ̀gá Kí-n-tó-sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan rí tó ń tẹrí ba fún ara rẹ̀ nínú dígí kó tó jáde nílé, ẹ ti mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà ní ìlú kan báyìí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, àwọ̀ góòlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kí-n-tó-sọ̀rọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í fi gbólóhùn kan náà bẹ̀rẹ̀: "Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀." Díẹ̀ náà kì í dín ní wákàtí kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀, àgbà ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wa ọ̀gá yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ níta tí òun ò ti kọ́kọ́ gbọ́, nítorí inú ọkọ̀ ni ọ̀gá ti ń fi wọ́n dánra wò.

"Báwo lo ṣe gbọ́ ibi tí mo parí ẹ̀ sí yẹn?" ọ̀gá á bi í láti ẹ̀yìn.

"Ó dùn, sà."

"Kí ló dé tó ò pàtẹ́wọ́?"

"Ọwọ́ mi wà lórí sítíárìn, sà."

"Fi họ́ọ̀nù pàtẹ́wọ́ fún mi."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà á sì tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ará àdúgbò rò pé ọ̀gá náà ń kánjú ni. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń yẹ́ ẹ sí ni.

Ọ̀sán Sátidé kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn mú débi pé eèrà ò rìn lójú títì, ọ̀gá na ọwọ́ sí dẹ́rẹ́bà rẹ̀. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Lónìí, èmi fúnra mi ni yóò wà á. Ó yẹ kí ìlú rí mi nídìí sítíárìn."

"Sà, ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ ti wakọ̀ kẹ́yìn."

"Ta ni ọ̀gá ààbò ojú ọ̀nà nílùú yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà? Lọ ṣí géètì."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà ṣí géètì, ó dì í mú. Ọ̀gá yọ jáde bí ẹni tó ń ṣílé tuntun. Ní òdìkejì títì, obìnrin méjì kan ń dá takisí dúró, ọ̀kan nínú wọn sì na ọwọ́ sókè. Ọ̀gá rò pé òun ni wọ́n ń kí. Ó ju ọwọ́ kan sí wọn. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ ṣì wà lókè, ó rò pé kíkí náà ò tíì tó, ó bá ju ọwọ́ kejì náà sí wọn. Ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó dì í mú mọ́ bá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó di gbàù lára òpó irin tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ rì síwájú ọ́fíìsì, èyí tó gbé pátákó kan sórí: RỌRA WAKỌ̀, ILÉ Ń RETÍ Ẹ.

Bọ́ńpà iwájú là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé àárín. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó wo bọ́ńpà, ó wo òpó.

"Ta ló gbé òpó yìí síbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo mọ̀. Mo ń dán ẹ wò ni."

Bí ó bá parí síbẹ̀, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ. Èèyàn a máa kọlu òpó. Wọ́n á ra bọ́ńpà mìíràn, ayé á máa lọ. Ṣùgbọ́n òfin wà pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀, àfi dẹ́rẹ́bà tí ìjọba gbà síṣẹ́. Ọ̀gá ló sì kọ òfin náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Ó ti fi báńdéèjì wé ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú òun àti òpó, òpó nìkan ló farapa.

"Kí n tó sọ̀rọ̀," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní Sátidé, ní aago méjì ọ̀sán, bí mo ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, tí mò ń ronú nípa ọjọ́ ọ̀la yín, kùrukùru kan ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Kùrukùru tó ki! Kùrukùru tó dúdú nínú, tó funfun níta! Dẹ́rẹ́bà mi ò rí iwájú mọ́, èmi náà ò rí dẹ́rẹ́bà. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀mí mi wúlò fún ìlú yìí ni, òkú mi lẹ̀ bá máa wò báyìí."

Akọ̀wé ọ́fíìsì ni ẹni àkọ́kọ́ tó dìde. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni láti gbà pẹ̀lú ọ̀gá ṣáájú gbogbo èèyàn, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. "Mo rí i, sà! Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti rí kùrukùru yẹn! Mo sọ fún ìyàwó mi pé, 'Kí ọ̀gá wa sáà má wà níta o!'"

"Èmi ò tiẹ̀ rí ọmọ mi tó jókòó lórí itan mi, sà," ẹni kejì wí.

Ẹnì kẹta ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé lọ́jọ́ yẹn, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn gbẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń to àga òfìfo sí. Ó gbọ́ "dẹ́rẹ́bà mi ò rí iwájú," ó sì rò pé etí òun ló ṣì í gbọ́. Kò ṣì í gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é wọlé sí ọ́fíìsì ọ̀gá, tí wọ́n sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Fọwọ́ sí i níbí," ọ̀gá wí.

"Sà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé èmi ni mo wà á. Ibi géètì ni mo wà, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibi géètì lo wà?"

"Mo dì í mú, sà."

"Nínú kùrukùru? Ṣé o rí géètì náà? Nǹkan mìíràn lè jẹ́ lo dì mú!" Ọ̀gá fara ti àga rẹ̀. "Gbọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí. Kùrukùru ni wọ́n máa bá wí. Ọdún mélòó ló kù kó o fẹ̀yìn tì?"

"Méjì, sà."

"Ọdún méjì ò jìnnà," ọ̀gá wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó sì jìnnà."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà fọwọ́ sí i. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ rí i pé ó ń ṣa oúnjẹ jẹ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó bi í títí ó fi sọ ọ́.

"Ọkọ̀ wo lẹ wá fi gbá òpó?" obìnrin náà bi í.

"Mi ò gbá nǹkan kan."

"Kí lẹ wá fọwọ́ sí?"

Bàbá Dẹ́rẹ́bà bu omi mu. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń wakọ̀, kò gbá adìẹ rí. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó kàn kó abọ́ nílẹ̀ láìbi í bóyá ó yó, èyí sì dùn ún ju ìjà lọ.

Irọ́ ọ̀gá ò wá jókòó síbì kan. Níwọ̀n bí kùrukùru ti fẹ́ pa ọ̀gá, ó pọn dandan kí ọ̀gá gbógun ti kùrukùru. Ó kọ ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí oríkò ilé-iṣẹ́ wọn, ó ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ńpà tuntun àti iná tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀gì láìtì. Òun ò pè é bẹ́ẹ̀ ṣá. "Iná A-la-kùrukùru-já" lòun pè é. Kó tó dé ojú ewé kẹsàn-án, ó ti ṣòfin: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀, ohunkóhun tó bá ní táyà ò gbọdọ̀ gba ojú títì kọjá láìní iná náà. Nígbà tí oṣù náà wọlé, ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá dúró sí oríta, wọ́n ń dá takisí padà lábẹ́ oòrùn tó ń jó wọn lórí. Bàbá arúgbó kan so tọ́ọ̀ṣì méjì mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ ra oògùn. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, wọ́n ní kó dúró kí wọ́n lọ béèrè wò.

Bọ́ńpà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú iná. Mẹkáníìkì tó wá dè é jẹ́ àbúrò ìyàwó Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ọkùnrin kan tí kì í bá ọkọ̀ kánjú. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nínú ọgbà ọ́fíìsì, ó tú àwọn bóòtù ìsàlẹ̀, ó yọ rọ́bà inú máàdígáàdì, ó já wáyà, ó sì fa bọ́ńpà tó là náà jáde jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó ń gbọn orí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Bàbá Dẹ́rẹ́bà, "irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó yẹ kó gbé bọ́ńpà yìí ti wọ́. Wọn ò sì fi òmíràn ránṣẹ́ pẹ̀lú tuntun. Bóòtù mẹ́fà ló yẹ kó dì í mú, méjì péré ló ríbi wọ̀. Mo lè rí irin náà lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn wọn, akọ̀wé sì wà lẹ́yìn ọ̀gá, ó ń gbé agboòrùn. "Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Ọ̀la ni ayẹyẹ ìṣíde! Olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti oríkò!"

"Ayẹyẹ ìṣíde kí ni, sà?" mẹkáníìkì béèrè.

"Ti bọ́ńpà."

Mẹkáníìkì wo Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Bàbá Dẹ́rẹ́bà wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, kò ní dúró o. Tó bá ti gbọ̀n díẹ̀, ó máa jábọ́."

"Mo pàṣẹ pé kó dúró."

"Bọ́ńpà ò gbọ́ àṣẹ, sà. Bóòtù ló ń gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rírùn!" akọ̀wé pariwo. "Àṣẹ tí gbogbo ìlú ń gbọ́, ṣé rọ́bà ni kò ní gbọ́ ọ?"

Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Ti iná tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ni bọ́ńpà náà ní ihò fún. Ọ̀gá ní mẹ́fà lòun fẹ́. Mẹkáníìkì ní ó dáa, òun á fi riléè àti fíùsì tirẹ̀ sí i kí wáyà má baà jó, òun á sì gbé súìṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn kí wọ́n lè máa tàn án, kí wọ́n lè máa pa á.

"Súìṣì wà fún ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú," ọ̀gá wí. "Iná tèmi kò ní kú."

Bẹ́ẹ̀ ni iná mẹ́fà ṣe ń tàn lójúmọmọ, tí wọn ò sì lè pa wọ́n. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, bátìrì ti kú fin-ín. Ọkọ̀ náà ò lè jí àfi kí wọ́n tì í. Akọ̀wé ló mú àbá wá pé kí wọ́n má pè é ní ọkọ̀ tí wọ́n ń tì. Kí wọ́n pè é ní ẹ̀ṣọ́ àyẹ́sí. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ìgbéga á wá fi èjìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n tò, wọn ò ríbi dì mú tán.

Olùbẹ̀wò tí wọ́n ń retí dé ní aago mẹ́wàá. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó gbé fáìlì kan ṣoṣo lọ́wọ́, kò sì bá ẹ̀ṣọ́ kankan wá. Ìdí èyí ni wọn ò fi mọ̀ pé òun ni. Wọ́n ní kó lọ dúró sápá kan, ọ̀gá ń retí èèyàn pàtàkì. Bàbá Dẹ́rẹ́bà nìkan ló gbé àga fún un.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó wí. "Ẹ̀yin ni dẹ́rẹ́bà tí wọ́n kọ sínú ìwé yìí?"

"Èmi ni wọ́n kọ, mà."

Obìnrin náà wò ó, ó sì jókòó.

Kí gbogbo èèyàn lè rí ọlá iná náà, ọ̀gá nílò kùrukùru. Kùrukùru ò sí. Ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà inú ọgbà, wọ́n kó koríko tútù sínú wọn, wọ́n sì dáná sí i nísàlẹ̀. Èéfín rú. Ètò ni pé ọkọ̀ á jáde láti inú èéfín, iná mẹ́fà á máa tàn, ọ̀gá á sì máa juwọ́ láti ẹ̀yìn, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì hó yèè.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà wà nídìí sítíárìn. Àwọn tó fẹ́ ìgbéga ti ọkọ̀, ó jí, ó wọnú èéfín lọ. Ọ̀gá ti sọ fèrèsé kalẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa, èéfín náà sì rí i dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. "Tẹ̀ ẹ́!" ó kígbe. "Sáré! Mo ń kú lọ!" Bàbá Dẹ́rẹ́bà tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà ọgbà náà ní gegele kan láàárín, èyí tí ọ̀gá ní kí wọ́n mọ síbẹ̀ kí àwọn àlejò má baà sáré. Ọkọ̀ gun ún, ó sọ̀ kalẹ̀. Wáyà já.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo gààràgà. Ohun tí wọ́n wá rí ni bọ́ńpà tó ń wọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀, iná mẹ́rin rọ̀ sórí wáyà, wọ́n ń tàn sínú ilẹ̀, ìkarùn-ún ń yí lọ sí ẹsẹ̀ akọ̀wé, ìkẹfà ò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà títí dòní. Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kó tó wò ó dáadáa. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú náà dìde lórí àga, ó ṣí fáìlì.

"Ẹ kú ewu, sà," ó ní. "Èmi ni wọ́n rán láti oríkò. Ìbéèrè kékeré kan ni mo bá wá. Kùrukùru tó ṣe ọkọ̀ yìí léṣe, aago mélòó ló sọ̀ kalẹ̀?"

Ọ̀gá nu ojú. "Kí n tó sọ̀rọ̀..."

"Aago mélòó, sà?"

"Méjì. Méjì ọ̀sán."

"Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní kò sí kùrukùru nílùú yìí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Tí kò bá wá sí kùrukùru, á jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà yìí kọlu òpó lójú ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a óò gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, a óò sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ọ̀gá wo obìnrin náà, ó wo bọ́ńpà, ó sì rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ó gbà á jáde láìwẹ̀yìn.

"Mo ti ń fura sí i tipẹ́!" ó wí, ó na ìka sí Bàbá Dẹ́rẹ́bà. "Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́! Òun ló tàn mí tí mo fi kọ kùrukùru sínú ìwé! Ẹ gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Bàbá Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ó rò ó pé òun á bẹ̀bẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, ohun mìíràn ló jáde.

"Mà, mo fọwọ́ sí irọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbá òpó. Ọ̀gá ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ibi géètì ni mo wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ sí àwọn obìnrin tó ń dá takisí dúró. Oòrùn ń ràn. Mo rí gbogbo ẹ̀ kedere."

"Ta ló tún rí i?" olùbẹ̀wò béèrè.

Ohùn kan dún níwájú gbogbo ohùn yòókù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Èmi rí i, mà!" akọ̀wé wí. "Láti ojú fèrèsé mi! Mo sọ fún ìyàwó mi pé, 'Ọ̀gá wa ti tún fẹ́ ba ọkọ̀ ìjọba jẹ́ o!'"

"Èmi náà rí i, mà," ẹni kejì wí. "Ọmọ mi gan-an rí i láti orí itan mi."

Láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tí kò rí i mọ́. Bí ẹ bá ka àwọn tó ní àwọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, títì náà ò lè gbà wọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà fi dé. Wọ́n fagi lé òfin iná. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún Bàbá Dẹ́rẹ́bà nítorí irọ́ tó fọwọ́ sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti ọ̀gá, wọ́n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ilé kan níbi tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ pamọ́ sí. Òun nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Akọ̀wé ló ṣí lẹ́tà náà, ó kà á sókè ketekete, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú agboòrùn tí ọ̀gá tuntun fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá kó ẹrù rẹ̀, mẹkáníìkì ti mú irin ẹ̀gbẹ́ wá. Bọ́ńpà ti jókòó, bóòtù mẹ́fà pé, iná méjì pẹ̀lú súìṣì wọn. Kò sẹ́ni tó bá ọ̀gá gbé àpótí. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ló gbé e, ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ títí ibẹ̀ fi kún. Ni ọ̀gá bá ní láti jókòó síwájú.

Ó jókòó. Ó wo bẹ́líìtì tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fà á, ó há. Ó já a gbà, ó tún há. Ó gbé e kọ́rùn, ó wá ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, kò rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe ọ̀gá ààbò ojú ọ̀nà rèé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ kọjá, ó yọ ọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ fà á jẹ́jẹ́, sà. Tí ẹ bá ń já a gbà, kò ní wá." Ó fà á wálẹ̀, ó kì í bọ̀ ọ́, ó dún kọ́.

Wọ́n jáde ní géètì. Wọ́n kọjá títì àkọ́kọ́, wọ́n kọjá ìkejì, ọ̀gá ò sọ̀rọ̀, kò ní kí wọ́n tẹ họ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n débi tí wọ́n ti ń yà sílé rẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá Dẹ́rẹ́bà fi jù ú lọ, ọkùnrin náà ò sì sọ "ẹ" sí i rí. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó ré ibi tí wọ́n ti ń yà kọjá. Ó wo dígí, ó rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn, ó rọra yí ọkọ̀ padà, ó sì gbé e délé.